Ìdí Tí Àwọ̀n Tí A Ṣẹ̀ṣẹ̀ Tún Ṣe Fi Ń Já

Iṣẹ́ àbáláyé ni ẹja pípa jẹ́ ní Agboyi, ní ẹ̀bá Kétu ní Èkó. Bí àwọ̀n bá já, apẹja a fi okùn titun tún un ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn kì í pẹ́ tí yóò tún fi já. Ẹni tí ó ta okùn ni a sì máa ń dá lẹ́bi.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ibi tí ó ti já. Bí ó bá jẹ́ ìdí kókó ni, a lè ti fún kókó náà ní gbígbẹ. Ooru tí ó ti inú ìfarakanra okùn jáde a máa ba náílọ́ọ̀nù jẹ́. Ẹ fi omi rẹ ẹ́ kí ẹ tó fún un.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ okùn àtijọ́ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ titun ni ó já, oòrùn ni kí á fura sí. Nígbà tí òwú ni a fi ń hun àwọ̀n, omi a máa mú un jẹrà. Ìdí nìyí tí sísá a fi ṣe é láǹfààní. Náílọ́ọ̀nù, tí a kéde rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1938, kì í jẹrà bẹ́ẹ̀. Oòrùn ni ó ń jẹ agbára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àṣà tí ó gba òwú là ni ó ń pa á.

Nítorí náà, ẹ gé okùn tí ó ti gbó kúrò kí ẹ tó so titun mọ́ ọn, kí ẹ sì máa fi àwọ̀n sí ibòji.