Katharina von Bora

Katharina von Bora (29 Oṣù Kínní, ọdún 1499 – 20 Oṣù Kejìlá, ọdún 1552), tí a tún mọ̀ sí Katharina Luther, jẹ́ obìnrin ará Jámánì tó kọ́kọ́ jẹ́ ajẹ́jẹ̀ẹ́ nínú ìjọ Kátólíìkì kí ó tó di aya Martin Luther, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ Àtúnṣe Ìsìn Kristẹni ní ilẹ̀ Jámánì. Ìyá ọmọ mẹ́fà ni. Ó tún jẹ́ àgbẹ̀, olùsìn ẹran, apọntí àti alábòójútó ilé ńlá kan ní ìlú Wittenberg. Orúkọ ọkọ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rántí rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó gbé ilé náà ró fún ogún ọdún. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ó ní láti jà kí wọ́n tó jẹ́ kí ó máa bá iṣẹ́ yìí lọ.

Ìgbà èwe

Ibi tí ó ṣeé ṣe jù lọ pé wọ́n bí Katharina sí ni abúlé Lippendorf, ní gúúsù ìlú Leipzig ní ilẹ̀ Saxony. Ìdílé ọlọ́lá ni ìdílé rẹ̀, ṣùgbọ́n ọlá náà ti dín kù: ilẹ̀ díẹ̀ ni bàbá rẹ̀, Hans von Bora, ní, owó kò sì pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún márùn-ún, wọ́n mú un lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ní Brehna. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ti Marienthron ní Nimbschen, nítòsí ìlú Grimma, níbi tí Magdalena, ìbátan bàbá rẹ̀ obìnrin, ti ń gbé. Ní ọdún 1515, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ láti wà níbẹ̀ títí ayé rẹ̀.

Ní Nimbschen ni ó ti mọ ìwé kà, tó mọ̀ ọ́n kọ, tó sì gbọ́ èdè Látìn díẹ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ibi àdúrà nìkan. Ó ní oko, ẹran ọ̀sìn àti àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀, ẹni tó bá sì dàgbà síbẹ̀ yóò ti rí bí a ṣe ń bójú tó ohun ìní ńlá.

Bí ó ṣe kúrò ní ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́

Ní ọdún 1521, Luther kọ ìwé kan tó fi tako ẹ̀jẹ́ àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́. Ó kọ́ni pé kì í ṣe ẹ̀jẹ́ ni ó ń gba ọkàn là, bí kò ṣe ìgbàgbọ́. Ẹ̀kọ́ yìí dé etí àwọn obìnrin Nimbschen, àwọn kan lára wọn sì fẹ́ láti jáde. Ìjìyà ńlá ni òfin fi lélẹ̀ fún ẹni tó bá ràn wọ́n lọ́wọ́. Síbẹ̀, Leonhard Koppe, oníṣòwò kan láti ìlú Torgau tó máa ń gbé ẹrù wá sí ilé náà, gbà láti gbé wọn. Ní òru Ọjọ́ Àjíǹde ọdún 1523, obìnrin méjìlá bá kẹ̀kẹ́ ẹrù rẹ̀ lọ. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé àárín àwọn àgbá ẹja ṣáwá ni wọ́n fara pamọ́ sí. Mẹ́ta nínú wọn padà sọ́dọ̀ ẹbí wọn. Àwọn mẹ́sàn-án tó kù, tí Katharina wà lára wọn, dé ọ̀dọ̀ Luther ní Wittenberg.

Ìgbéyàwó

Luther wá ọkọ tàbí ibùgbé fún gbogbo wọn. Ọ̀ràn Katharina ló pẹ́ jù. Hieronymus Baumgartner, ọmọ ìlú Nuremberg, nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn òbí rẹ̀ kò gbà kí ó fẹ́ obìnrin tó sá kúrò ní ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́. Wọ́n tún fi Kaspar Glatz, ìránṣẹ́ Ọlọ́run kan, lọ̀ ọ́, ó sì kọ̀ ọ́. Ó sọ fún Nikolaus von Amsdorf, ọ̀rẹ́ Luther, pé òun kò ní fẹ́ ẹlòmíràn àfi Amsdorf fúnra rẹ̀ tàbí Luther. Ní 13 Oṣù Kẹfà, ọdún 1525, ó di aya Luther. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, ọkọ rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì. Ẹnu yà àwọn ènìyàn, inú àwọn ọ̀rẹ́ Luther kan pàápàá kò dùn sí i.

Iṣẹ́ oko àti àbójútó ilé

Ilé tí wọ́n ń gbé jẹ́ ilé ńlá tí àwọn mọ́ńkì Augustine ti ń gbé tẹ́lẹ̀. Aládé Saxony ni ó fi fún wọn. Ilé náà tóbi, ṣùgbọ́n owó tó ń wọlé kéré. Luther kò gba owó lórí àwọn ìwé tí ó ń kọ, ó sì máa ń fún ẹnikẹ́ni tó bá tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ tiwọn, àwọn ọmọ ìbátan tí wọ́n gbà tọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sanwó ibùgbé àti oúnjẹ, àwọn àlejò àti àwọn tó sá wá fún ààbò ni wọ́n jùmọ̀ ń jẹun níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí Luther máa ń sọ nídìí oúnjẹ, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ sílẹ̀, di ìwé olókìkí lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹni tó pèsè oúnjẹ náà ni Katharina.

Ó gbin ẹ̀fọ́ àti igi eléso, ó sin màlúù, ẹlẹ́dẹ̀, ewúrẹ́ àti adìyẹ, ó ní adágún ẹja, ó sì ń pọn ọtí bíà fúnra rẹ̀. Nínú lẹ́tà kan tí Luther kọ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Justus Jonas ní ọdún 1535, ó ṣàlàyé bí aya rẹ̀ ṣe ń wa kẹ̀kẹ́ ẹrù, tó ń tọ́jú oko, tó ń ra ẹran, tó sì ń pọntí. Ó fi kún un pé ó tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka Bíbélì, òun sì ti ṣèlérí owó gulden àádọ́ta fún un bí ó bá kà á tán kí Ọjọ́ Àjíǹde tó dé.

Ní ọdún 1540, wọ́n ra oko Zülsdorf lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò Katharina kan tó jẹ́ ọkùnrin ní gulden 610. Ilẹ̀ ìdílé rẹ̀ ni, ó sì gba nǹkan bí ìrìn ọjọ́ méjì láti Wittenberg. Ó máa ń lo ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan níbẹ̀ láti bójú tó iṣẹ́. Nínú lẹ́tà rẹ̀, Luther a máa fi àwàdà àti ọ̀wọ̀ pè é ní ìyálóde Zülsdorf. Ó tún ń pè é ní ìràwọ̀ òwúrọ̀ Wittenberg, nítorí pé ó máa ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ìyá àti onígbàgbọ́

Ọmọ mẹ́fà ni Katharina bí: Hans (1526), Elisabeth (1527), Magdalena (1529), Martin (1531), Paul (1533) àti Margarete (1534). Elisabeth kú kí ó tó pé ọdún kan. Magdalena kú ní ọdún 1542, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ikú rẹ̀ sì dun àwọn òbí rẹ̀ púpọ̀. Paul di oníṣègùn.

Ìsìn inú ilé ni ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ Luther fún ìdílé. Ìwé Katikísímù Kékeré tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1529 wà fún kíkọ́ àwọn ará ilé ní Òfin Mẹ́wàá, Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ àti Àdúrà Olúwa. Nínú ilé Katharina, ìgbàgbọ́ yìí hàn nínú ìṣe. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn dé Wittenberg ní ọdún 1527, ọ̀pọ̀ ènìyàn sá, ṣùgbọ́n ìdílé Luther dúró, ilé wọn sì di ibi ìtọ́jú aláìsàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Katharina wà nínú oyún.

Ìgbà opó

Luther kú ní 18 Oṣù Kejì, ọdún 1546, ní Eisleben. Ní ọdún 1542 ó ti kọ ìwé ìhágún tó fi Katharina ṣe ajogún, tó sì fi í ṣe alábòójútó àwọn ọmọ. Ìyẹn kò bá àṣà ìgbà náà mu, nítorí pé ọkùnrin ni òfin Saxony ń yàn láti jẹ́ alágbàtọ́ opó àti àwọn ọmọ rẹ̀. Wọn kò sì kọ ìwé náà ní ìlànà tí òfin béèrè. Gregor Brück, olórí ìjòyè aládé, fẹ́ kí ó dín ilé rẹ̀ kù. Katharina kò gbà. Ó fẹ́ kí àwọn ọmọ wà lọ́dọ̀ òun, ó sì fẹ́ oko tí yóò máa bọ́ wọn. Aládé Johann Friedrich fọwọ́ sí ìwé ìhágún náà, ṣùgbọ́n wọ́n yan àwọn alágbàtọ́. Bí Brück ṣe tako ó tó, wọ́n ra ilẹ̀ Wachsdorf nítòsí Wittenberg fún ìdílé náà.

Láàárín ọdún kan náà, ogun Schmalkalden bẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Katharina kó àwọn ọmọ rẹ̀ sá lọ sí Magdeburg. Nígbà tí ó padà, oko ti bàjẹ́, ẹran ti lọ. Ó tún bẹ̀rẹ̀: ó yá owó, ó gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sílé, ó sì kọ lẹ́tà sí Christian Kẹta, ọba Denmark, láti tọrọ ìrànlọ́wọ́ fún opó Luther.

Ikú rẹ̀

Ní ọdún 1552, àjàkálẹ̀ àrùn tún dé Wittenberg. Bí Katharina ṣe ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Torgau, ẹṣin ta gìrì. Ó ṣubú kúrò nínú kẹ̀kẹ́ sínú kòtò omi tútù, ó sì farapa gan-an. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta tí ó ti wà lórí ibùsùn, ó kú ní 20 Oṣù Kejìlá, ní ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta. Wọ́n sin ín sí Ìjọ Màríà Mímọ́ ní Torgau, ìlú kan náà tí Koppe ti wá.

Ìrántí rẹ̀

Àwọn ọmọ rẹ̀ ta Zülsdorf ní ọdún 1553, wọ́n sì ta ilé Wittenberg fún yunifásítì ní ọdún 1564. Ilé náà ti di mùsíọ́mù lónìí, ó sì wà lára àwọn ibi tí UNESCO kà sí Ogún Àgbáyé ní ọdún 1996. Ẹnu-ọ̀nà olókùúta tí wọ́n ṣe sí i ní ọdún 1540, tí a ń pè ní Ẹnu-ọ̀nà Katharina, ṣì wà níbẹ̀. Ilé kan wà ní Torgau tí wọ́n fi ń ṣe ìrántí rẹ̀, òkúta ibojì rẹ̀ sì wà nínú ìjọ náà. Ní Oṣù Kẹfà ọdọọdún, àwọn ará Wittenberg máa ń ṣe àjọ̀dún láti rántí ìgbéyàwó òun àti Luther. Àwọn Ìjọ Luther kan sì ya 20 Oṣù Kejìlá sọ́tọ̀ fún ìrántí rẹ̀.