Ìrántí Ọ̀tá: Bí Bakitéríà Ti Ń Bá Ara Wọn Sọ̀rọ̀ àti Bí Wọ́n Ti Ń Dáàbò Bo Ara Wọn



Kò sí ẹnìkan láàárín wa tí kò mọ adùn gàrí Ìjẹ̀bú. Bí a bá bó ẹ̀gẹ́, tí a rin ín, tí a sì dà á sínú àpò, a kì í yára yan án. A ó fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó lè kan. Ta ni ó ń mú un kan? Kì í ṣe àpò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òkúta tí a gbé lé e. Àwọn ẹ̀dá alààyè kékeré tí à ń pè ní bakitéríà ni, tí ojú lásán kò lè rí. Ọ̀kan nínú wọn ni Lactobacillus plantarum, tí a tún ń bá nínú ògì. Nípa irú ẹ̀dá wọ̀nyí ni a fẹ́ sọ̀rọ̀, nítorí ohun tí a kọ́ lọ́dọ̀ wọn ti di ìwòsàn fún àrùn kan tí ó ti pa ọ̀pọ̀ ọmọ wa.

EKÍNÍ: Ọ̀RỌ̀ WỌN

Bakitéríà kò ní ẹnu, kò sì ní etí. Àrokò ni wọ́n ń pa sí ara wọn, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti ń fi owó ẹyọ àti okùn ránṣẹ́ kí ìwé tó dé. Àrokò tiwọn ni èròjà kékeré tí olúkúlùkù ń tú sínú omi tí ó yí i ká. Nígbà tí wọ́n kéré níye, èròjà náà a fọ́nká, ohunkóhun kì í sì í ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń bí sí i ni èròjà náà ń pọ̀ sí i. Nígbà tí ó bá dé ìwọ̀n kan, gbogbo wọn a mọ̀ pé àwọn ti pọ̀ tó, wọn a sì dìde sí iṣẹ́ kan náà pọ̀. Ní ọdún 1970 ni Nealson, Platt àti Hastings kọ̀wé nípa bakitéríà inú òkun tí kì í tan ìmọ́lẹ̀ àfi nígbà tí wọ́n bá pọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ìran Lactobacillus plantarum pẹ̀lú a máa fi irú àrokò yìí pe ara wọn jọ láti tú oró tí ń pa bakitéríà mìíràn tí ń bá wọn du oúnjẹ. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

ÈKEJÌ: ODI WỌN

Nínú gbogbo ẹ̀dá alààyè ni DNA wà, èyí tí a lè fi wé ìwé àṣẹ tí ń sọ bí ara yóò ti rí àti ohun tí yóò ṣe. Fáírọ́ọ̀sì kan wà tí bakitéríà ni oúnjẹ rẹ̀. A lẹ̀ mọ́ ara bakitéríà, a sì ti DNA tirẹ̀ wọ inú rẹ̀. Láti ìgbà náà onílé di ẹrú àlejò, yóò máa ṣe ọmọ fún un títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi bẹ́.

Odi kìíní tí bakitéríà mọ ni àmì. Bí àwọn baba wa ti ń kọ ilà kí a lè mọ ọmọ ẹni, bẹ́ẹ̀ ni ó ń fi àmì sí DNA tirẹ̀. Èyí tí kò bá ní àmì, yóò gé e wẹ́wẹ́. Werner Arber, ẹni tí ó la ọ̀nà ìmọ̀ yìí, wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1978.

Odi kejì ni ìrántí, tí a ń pè ní CRISPR. Kì í ṣe gbogbo bakitéríà ni ó ní i. Ẹni tí ó ní i, bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tá, yóò gé díẹ̀ nínú DNA ọ̀tá náà, yóò sì tò ó sínú ìwé tirẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì jogún rẹ̀. Bí ọ̀tá náà bá padà dé, a ó fi èyí tí a tọ́jú mọ̀ ọ́n, ohun tí ó dàbí àlùmọ́gàjí yóò sì gé e sí méjì. Ní ọdún 1987 ni Ishino àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan kọ́kọ́ rí ìtò yìí láìmọ ìlò rẹ̀. Ní ọdún 2007, àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lórí bakitéríà tí ń mú wàrà kan fi hàn gbangba pé ààbò ni.

Ẹ̀KẸTA: ÈRÈ RẸ̀ FÚN WA

Ní ọdún 2012, Emmanuelle Charpentier àti Jennifer Doudna fi hàn pé ènìyàn lè darí àlùmọ́gàjí náà sí ibi tí ó bá fẹ́. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2020. Ní ọdún 2020 kan náà, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ wà lára àwọn tí ó jáde pẹ̀lú ọ̀nà tí a fi ń lo ọgbọ́n yìí láti mọ ibà Lassa nínú ẹ̀jẹ̀.

Èyí tí ó kàn wá jù ni àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Kò sí orílẹ̀-èdè tí a ti ń bí ọmọ sínú àrùn yìí tó Nàìjíríà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023 ni Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwòsàn kan, Amẹ́ríkà sì tẹ̀ lé e ní oṣù kejìlá. A ó mú irúgbìn ẹ̀jẹ̀ tí ó ti inú mùdùnmúdùn egungun aláìsàn wá, a ó fi àlùmọ́gàjí yìí gé ibì kan nínú DNA rẹ̀, a ó sì dá a padà sí ara. Ara yóò sì tún máa ṣe irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ ń lò nínú ìyá rẹ̀.

Ṣùgbọ́n iye rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ju mílíọ̀nù méjì dọ́là lọ fún ẹnìkan. Mélòó nínú wa ni yóò lè san án? Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yín kí ẹ tó fẹ́ ara yín. Bí ọkọ bá jẹ́ AS, tí aya sì jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà lè ní àrùn yìí. Ẹ̀dá tí ojú kò rí ń tọ́jú ìrántí ọ̀tá rẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Àwa tí a lè mọ ọ̀tá àwọn ọmọ wa kí a tó bí wọn, kò yẹ kí a ṣe bí ẹni tí kò mọ̀.