Kílọ́ọ̀ṣì Tí Ń Ṣàìsàn Lónìí, Tí Ara Rẹ̀ Ń Yá Lọ́la

Púpọ̀ nínú wa ni ó ń gbé ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ nínú ọkọ̀ tí a ń fi ọwọ́ yí jíà rẹ̀. Àwọn mìíràn ń fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹun ní òpópónà Ìkòtún, Ìgàndó àti Ẹ̀gbẹ́dá. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ṣe àlàyé lórí àìsàn ọkọ̀ kan tí ó gba owó lọ́wọ́ mi, tí ó sì mú mi ṣẹ̀ sí ọmọnìkejì mi.

Ọkọ̀ akérò ìjọ wa ni. Bí ó bá wọ inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìkòtún ní ọ̀sán, jíà kì í wọlé mọ́. Yóò máa han gooro. Bí a bá gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ní ìrọ̀lẹ́, tí ẹ́ńjìnnì ti tutù, jíà yóò wọlé wẹ́rẹ́. Mẹkáníìkì ní awakọ̀ ni kì í gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì. Awakọ̀ ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, kì í ṣe ẹsẹ̀ mi." N kò gbọ́. A sọ jíàbọ́ọ̀sì kalẹ̀, a ra pìléètì tuntun, mo sì bá awakọ̀ wí níwájú ìgbìmọ̀ ìjọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí àìsàn náà fi padà. Mẹkáníìkì àgbà kan ni ó wá là mí lójú.

Iṣẹ́ kílọ́ọ̀ṣì ni láti so ẹ́ńjìnnì pọ̀ mọ́ jíàbọ́ọ̀sì, àti láti yà wọ́n nígbà tí a bá fẹ́ yí jíà. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, sìlíńdà òkè yóò ti òróró bíréèkì gba inú páìpù lọ sí sìlíńdà ìsàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíàbọ́ọ̀sì. Èyí ni yóò ti irin tí ń tú pìléètì sílẹ̀. Wáyà ni àwọn ọkọ̀ mìíràn ń lò dípò òróró.

Àìsàn méjì ni kí a kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀. Èkínní ni yíyọ̀: ẹ́ńjìnnì ń ké, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò sáré, pàápàá bí ó bá ń gun òkè tàbí tí ẹrù bá pọ̀. Ó sábà máa ń jẹ́ pé pìléètì ti jẹ tán, tàbí pé òróró ẹ́ńjìnnì ti kán sí i. Èkejì ni àìtúsílẹ̀: jíà ń han, rivásì kọ̀ láti wọlé, tàbí ọkọ̀ ń rá síwájú nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì wà lórí kílọ́ọ̀ṣì. Bí ó bá jẹ́ òróró tàbí rọ́bà ni ó fa èyí, pìléètì tuntun kò lè wò ó sàn.

Àyẹ̀wò mẹ́ta wà tí kò ná ni ní kọ́bọ̀. Ẹ ṣe wọ́n ní ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, kí ẹnikẹ́ni má dúró níwájú tàbí lẹ́yìn ọkọ̀. Àkọ́kọ́, nígbà tí jíà bá kọ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tún gbìyànjú. Bí ó bá wọlé wẹ́rẹ́, kílọ́ọ̀ṣì ni kò tú sílẹ̀. Bí ó bá ṣì kọ̀, ẹ wo ọ̀nà jíàbọ́ọ̀sì. Èkejì, ẹ ṣáná sí ọkọ̀, kí ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì léraléra lẹ́ẹ̀mẹta. Bí jíà bá wọlé lẹ́yìn èyí, ẹ fura sí afẹ́fẹ́ inú òróró tàbí rọ́bà tí ó ti jẹ. Ẹ̀kẹta, ẹ ki jíà kìíní bọ̀ ọ́, kí ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹsẹ̀ kejì wà ní sẹpẹ́ lórí bíréèkì. Bí ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rá, ó ṣeé ṣe kí òróró máa yọ́ kọjá lára rọ́bà.

Kí ló dé tí ó fi ń lọ tí ó ń bọ̀? Òróró bíréèkì a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́. DOT 3 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru rẹ̀ tó dé 205°C. Bí ó bá ti fa omi, ìwọ̀n náà lè wálẹ̀ sí 140°C. Bí ó bá hó nínú ooru súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ìfófòó inú rẹ̀ yóò gba agbára ẹsẹ̀ wa. Bí ó bá tutù, ìfófòó a pòórá. Ooru tún máa ń mú kí òróró ṣàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí ó lè gba ara rọ́bà tí ó ti jẹ kọjá.

Nítorí náà, ẹ wo ìwọ̀n òróró náà, kí ẹ sì wá ibi tí ó tutù lábẹ́ àtẹ̀sẹ̀ àti lára sìlíńdà ìsàlẹ̀. Ẹ má kàn máa bù kún un láìwá ibi tí ó ti ń jò, nítorí ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀, inú ìkòkò kan náà ni bíréèkì ti ń mu. Ẹ má sì bu òróró ẹ́ńjìnnì sí i láéláé. Yóò wú rọ́bà, yóò sì bà á jẹ́.

Mẹkáníìkì àgbà náà kò tíì fọwọ́ kan sípánà tí ó fi pe awakọ̀ wa: "Ìgbà wo ní í máa ń ṣe é? Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ńkọ́?" Èmi kò bi í rí. Rọ́bà sìlíńdà òkè ni ó ti jẹ. A pààrọ̀ rẹ̀, a sì da òróró tuntun sí i. Ó tán síbẹ̀. Mo padà sí iwájú ìgbìmọ̀ yẹn kan náà, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ awakọ̀.

Ẹ jẹ́ kí awakọ̀ yín máa kọ ọjọ́, wákàtí àti ibi tí àìsàn náà ti dé sílẹ̀, bóyá ọkọ̀ gbóná tàbí ó tutù, kí ẹ tó gbé e lọ fún àtúnṣe. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dájọ́, òṣìkà ni. Kí Olúwa máa ṣọ́ àwọn ọmọ wa ní àlọ àti ààbọ̀. Àmín.