Onífọ́tò tó tọ́jú irun orí àwọn ìyá wa

Kí ìwé ìròyìn tó di ohun tí wọ́n fi ń wé àkàrà, gbogbo ilé ló kọ́kọ́ ń pín in kà. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ máa ń fi orúkọ rẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ta ló ń bèèrè ẹni tó ya fọ́tò ojú ìwé àkọ́kọ́? Ọ̀pọ̀ onífọ́tò ló ṣiṣẹ́ títí tí wọ́n fi darúgbó, tí ohun tí wọ́n yà sì bá wọn lọ. Peter Obe, onífọ́tò ìwé ìròyìn Daily Times, kò gbà kí ìyẹn ṣẹlẹ̀ sí òun. Ó ya ogun abẹ́lé tó jà láti 1967 sí 1970, nígbà tó sì di 1971, ó kó àwọn fọ́tò náà jọ sínú odindi ìwé kan.

Ẹlòmíràn wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tiẹ̀ jọni lójú ju ti Obe lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba, tẹlifíṣọ̀n àti iléeṣẹ́ ìpolówó ọjà ló gbà á síṣẹ́. Olóògbé J.D. 'Okhai Ojeikere lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Emai ni, ní ilẹ̀ tó di ìpínlẹ̀ Ẹdó lónìí. Ọdún 1930 ni wọ́n bí i. Ní 1950, ó ra kámẹ́rà Brownie D kékeré kan, aládùúgbò rẹ̀ kan ló sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ó ń kọ lẹ́tà léraléra sí iléeṣẹ́ ìròyìn ìjọba ní Ìbàdàn pé kí wọ́n fún òun níṣẹ́, kò jẹ́ kó sú òun títí wọ́n fi gbà á ní 1954, gẹ́gẹ́ bí amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò.

Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ń ka èyí á rántí pé láyé ọjọ́un, onífọ́tò á ní kẹ́ ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Inú yàrá tí gílóòbù pupa nìkan ń tàn sí ló wà. Á ki bébà bọ inú omi oògùn kan, ojú èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀díẹ̀, á tún kì í bọ omi oògùn mìíràn kó má baà parẹ́, lẹ́yìn náà á fi omi lásán ṣàn án, á sì fi há orí okùn bí aṣọ tí wọ́n sá. Bí kò bá ṣàn án dáadáa, fọ́tò náà á pọ́n bí ewé gbígbẹ láìpẹ́ ọdún. Ibẹ̀ ni Ojeikere ti kọ́ iṣẹ́.

Abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tó fi Ìbàdàn ṣe olú-ìlú, ni Ọ̀yẹ́, Ìkọ̀lé àti Ìdó wà nígbà náà. 1996 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀. Ní 1961, Ojeikere lọ síbi iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n ṣí ní 1959. Ní 1963, ó kọjá sí Èkó, ó ń ya fọ́tò ìpolówó ọjà fún iléeṣẹ́ West Africa Publicity. Iṣẹ́ olówó oṣù nìyẹn, ohun tí wọ́n bá ní kó yà ló ń yà.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò rán an ló sọ ọ́ di olókìkí. Ó ti wọ ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà Nàìjíríà ní 1967, nígbà tó sì di 1968, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin. Ojú títì, ọ́fíìsì, ibi ìnáwó, ibikíbi tó bá ti rí irun tó wù ú, á bẹ obìnrin náà kó jẹ́ kí òun yà á. Ẹ̀yìn orí ló ń yà jù, nígbà mìíràn ẹ̀gbẹ́ kan. Kò sí òdòdó, kò sí àga olówó ńlá, dúdú àti funfun lásán ni. Ẹ̀yin ìyá wa mọ ìdí rẹ̀: ṣùkú tí wọ́n fi gbogbo ọ̀sán dì, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan wọ́n ti tú u. Ó yẹ kí ẹnì kan yà á kí wọ́n tó tú u. Ó ya irun dídì, ó ya irun tí wọ́n fi òwú kó. Ọ̀kan tó yà ní 1975 ni onílé gogoro, tí wọ́n tún ń pè ní àkàbà, tí òwú gbé irun dúró gbọnrangandan lókè orí. Nígbà tó máa fi ṣíwọ́, irun tó yà ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan. Ó tún ya gèlè, ó sì ya ilé.

Lápá ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, onífọ́tò ìlú ló ń ya ìgbéyàwó, ìwúyè, òkú àgbà àti àwọn ọmọ tó jáde ìwé mẹ́fà. Bí baba onífọ́tò bá kú, wọ́n á palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́, ikán á jẹ díẹ̀ nínú fíìmù, ìyókù á wọ ààtàn. A ò lè dá àwọn ọmọ lẹ́bi jù, ta ló fún wọn níbi tí wọ́n máa kó o sí? Ojeikere ní tirẹ̀ ò jẹ́ kí fíìmù òun ṣègbé. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, Foto Ojeikere, ní Èkó ní 1975, ó sì ń tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀ jọ. Ó ti pé ẹni àádọ́rin ọdún kí ayé tó wá wò ó: wọ́n ṣàfihàn iṣẹ́ rẹ̀ ní Paris ní 2000, ní Jámánì ní 2007, àti ní Venice, lórílẹ̀-èdè Ítálì, ní 2013. Ó kú ní oṣù kejì ọdún 2014. Lọ́dún yẹn kan náà ni ìwé ńlá kan nípa iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní Èkó.

Ohun kan ṣì ń dunni nínú àwọn fọ́tò yẹn. Orúkọ irun ló wà lára wọn. Orúkọ obìnrin tó ni orí kò sábà sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ti onídìrí tó fi ọwọ́ rẹ̀ dárà. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà tó jókòó fún un ní 1975 á ti tó ẹni àádọ́rin ọdún báyìí, ó ṣeé ṣe kó ti ní ọmọ-ọmọ, kó má sì mọ̀ rárá pé ìpàkọ́ òun ti dé Ítálì.