Odomèta: orúkọ ìlú kan, ìdánwò méjìdínlógún fún kọ̀ǹpútà

Odomèta wà lábẹ́ Kétu, ní ẹkùn Plateau lórílẹ̀-èdè Benin, lẹ́bàá Nàìjíríà. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ orúkọ rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ìwé tí wọ́n bá fi Faransé kọ máa ń lo “è” tàbí “e” lásán. Ìlànà ìkọ̀wé èdè abínibí ní Benin ń lo “ɛ”, àwa tí a kàwé ní Nàìjíríà sì ń lo “ẹ”. Ojú ènìyàn mọ̀ pé ìlú kan náà ni. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀, àfi bí a bá kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Bí ilé ìwòsàn bá tẹ orúkọ aláìsàn sínú ẹ̀rọ lónìí, tí wọn ò rí i mọ́ lọ́la, káàdì tuntun ni wọ́n máa ṣe, àkọsílẹ̀ àìsàn àtijọ́ yóò sì di àwátì.

Àmì ohùn tún dá kún un. Nínú Unicode, “ẹ” ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n “ẹ́” kò ní. Ẹnìkan lè tẹ “ẹ” kó fi àmì lé e lórí, ẹlòmíràn lè tẹ “é” kó fi ààmì kékeré sí i nísàlẹ̀. Wọ́n jọra lójú, wọn kò dọ́gba nínú ẹ̀rọ.

Ibi tí áàpù ti ń ṣiṣẹ́ náà yàtọ̀ síra. Títí dé Java 17, Java ń tẹ̀lé ìlànà lẹ́tà tó bá bá lórí ẹ̀rọ. Nítorí náà, ètò kan náà lè kọ “ẹ” dáadáa sínú fáìlì níbìkan, kó kọ àmì ìbéèrè níbòmíràn. Java 18, tó jáde ní oṣù kẹta ọdún 2022, ló sọ UTF-8 di ìlànà gbogbo ẹ̀rọ. Alpine náà kì í to orúkọ lẹ́sẹẹsẹ bíi Debian àti Fedora, torí pé musl ló ń lò, glibc sì ni tiwọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: Debian, Fedora àti Alpine jẹ́ mẹ́ta, Maven àti Gradle tí wọ́n fi ń kọ́ áàpù jẹ́ méjì, Java 11, 17 àti 21 jẹ́ mẹ́ta. Ìdánwò 18 nìyẹn. Ta ló fẹ́ fọwọ́ ṣe é lójoojúmọ́?

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe é. Wọ́n á kọ áàpù kékeré fún àpẹẹrẹ, tó ń gba orúkọ, tó ń tọ́jú rẹ̀, tó sì ń wá a. Wọ́n á kọ ìdáhùn tó yẹ sílẹ̀. Nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá yí ìlà kan padà, Jenkins tàbí GitLab yóò kọ́ áàpù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ní ibi 18, yóò sì sọ èyí tó kùnà. Debian ní irú rẹ̀, autopkgtest, tó lè dá ẹ̀dà tuntun ètò kan dúró bó bá ba iṣẹ́ ètò mìíràn jẹ́.

Síbẹ̀, ohun tí a bá bi ẹ̀rọ nìkan ló ń dáhùn. Bí gbogbo orúkọ inú àpẹẹrẹ bá jẹ́ “John” àti “Marie”, gbogbo ìdánwò 18 á yege, ará Odomèta á sì wà níta. Ẹ̀yin tó ń kọ áàpù ní Kútọnu, Ìbàdàn àti Èkó, ẹ fi orúkọ wa sínú ìdánwò yín, pẹ̀lú “ẹ” àti “ɛ”, kí áàpù tó dé ọwọ́ aráàlú.