Ìwọ Tí O Wá Ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, Mọ̀sálásí Wo ni Wọ́n ti Mọ̀ Ọ́?

Bí ẹ bá ka ọ̀rọ̀ yìí tán, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á sí etígbọ̀ọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ilé yín láti ìlú òkèèrè, nítorí òun ni mo ń bá wí, àti àwa tí a ti wà nílẹ̀ kí ó tó dé.

Ní àdúgbò kan ní Agége, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí ó ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ kan ní Ìkẹjà. Ó ti gbé nínú ilé náà ju ọdún méjì lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ó sùn, kò sì jí mọ́. Bàbá onílé kò mọ orúkọ baba rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà ń pè é ní "Ará Ìwó," ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ agboolé rẹ̀ ní Ìwó. A ránṣẹ́ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà ni wọ́n fi mọ̀ ọ́ níbẹ̀. Fóònù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, ó ti tì í pa, kò sì sí ẹni tí ó lè ṣí i. Lèmọ́mù wa bèèrè bóyá Mùsùlùmí ni. A ń wo ara wa lójú.

Ìyá tí ń ta búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà ni ó yọ wá. Ó ní òwúrọ̀ kùtù ni ọmọ náà máa ń ti ibi iṣẹ́ dé, omi ọ̀dọ̀ òun ni ó sì fi ń ṣe àlùwàlá kí ó tó ra búrẹ́dì. Ó wọlé, ó mú ìwé àwìn rẹ̀ jáde. Ọmọ náà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún síbẹ̀, ó sì kọ nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sí i, kí ìyá náà lè fi ọkàn balẹ̀ nípa owó rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n náà sunkún, ó ní kí a bá òun sin ín, kí a má jẹ́ kí ó sùn. Kí a tó kírun sí i lára, ìyá oníbúrẹ́dì wí lójú gbogbo ènìyàn pé òun ti yọ̀ǹda gbèsè náà nítorí Ọlọ́run.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ṣé ó dára kí ó jẹ́ pé ìwé àwìn ni yóò mọ Mùsùlùmí, tí ìwé mọ̀sálásí kò ní mọ̀ ọ́n?

Bí a bá wò ó dáadáa, ta ni kì í ṣe àlejò ní agbègbè yìí, bí a bá yọ àwọn Àwórì onílẹ̀ sílẹ̀? Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà rélùwéè láti Èkó, ó sì dé Ìbàdàn ní 1900. Agége wà lójú ọ̀nà náà. Obì gbàǹja tí wọ́n ń gbìn níbẹ̀ ni ó fa àwọn Hausa oníṣòwò wá láti Òkè Ọya, wọ́n sì kọ́ ilé, wọ́n bímọ. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Ìkẹjà wà lábẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, ya ilẹ̀ ńlá sọ́tọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ. Láàárín ọdún mélòó kan, wọ́n ń hun aṣọ níbẹ̀, wọ́n ń ṣe táyà mọ́tò. Àwọn ọmọ wá láti Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá, Ọ̀ṣun, Ìlọrin, àti láti ilẹ̀ Ìgbò. Ìkẹjà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n Agége ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sùn, nítorí ibẹ̀ ni owó ilé ti rọjú.

Òyìnbó onímọ̀ kan, Adrian Peace, ṣe ìwádìí láàárín wọn, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1979. Ó ṣàlàyé bí àwọn òṣìṣẹ́ Ìkẹjà ti yanṣẹ́ lódì ní ìbẹ̀rẹ̀ 1971 nítorí àfikún owó tí ìgbìmọ̀ Adebo dá lábàá, àti bí àwọn oníṣòwò Agége ti wà lẹ́yìn wọn. Kì í ṣe ohun ìyanu. Owó oṣù òṣìṣẹ́ ni ó ń di owó ẹ̀kọ, owó aṣọ àti owó ilé. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Dunlop dá ṣíṣe táyà dúró ní Ìkẹjà ní 2008, kì í ṣe òṣìṣẹ́ nìkan ni ó pàdánù. Nítorí náà, kí oníṣòwò má ṣe sọ pé àlejò kò kan òun.

Àlejò kan náà ni ó gbé orúkọ Agége dé ilẹ̀ Lárúbáwá. Ṣéù Adam Abdullahi al-Ilori, tí wọ́n bí ní 1917 ní Wasa, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Benin nísinsìnyí, tí baba rẹ̀ sì jẹ́ ará Ìlọrin, dá ilé kéwú Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952. Ní 1955 ó gbé e wá sí Agége. Títí ó fi kú ní 1992 ni àwọn ọmọ kéwú ń wá bá a láti ìlú gbogbo. Kò sọ pé òun kì í ṣe ọmọ Agége kí òun fi ọwọ́ lẹ́rán.

Àpẹẹrẹ tí ó ga jù ni ti Ànábì wa Muhammadu, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a. Nígbà tí ó ṣí kúrò ní Mẹ́kà lọ sí Mẹdínà ní 622, ó fi àlejò kọ̀ọ̀kan ṣe arákùnrin onílé kọ̀ọ̀kan. Ó so Abdur-Rahman ọmọ Awf pọ̀ mọ́ Sa'd ọmọ Rabi'. Sa'd fẹ́ pín ohun ìní rẹ̀ sí méjì kí ó fún àlejò rẹ̀ ní ìdajì. Abdur-Rahman ṣe àdúrà fún un, ó sì bèèrè ọ̀nà ọjà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta wàrà àti òrí-àmọ́, nígbà tí ó sì ṣe, ó di ọlọ́rọ̀. Onílé kò háwọ́, àlejò kò sì ṣe ọ̀kánjúwà. Àwa ńkọ́? Àwa onílé ń bèèrè owó ilé ọdún méjì lọ́wọ́ ọmọ tí kò tíì gba owó oṣù kan, bẹ́ẹ̀ ni òfin ilé yíyá tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 ka gbígba ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun sí ẹ̀ṣẹ̀. Òfin náà yọ GRA Ìkẹjà sílẹ̀, kò yọ Agége sílẹ̀.

Wàyí o, mo yíjú sí ìwọ àlejò. Mo mọ ohun tí o máa ń wí: "Àjò ni mo wà, ilé ni n ó ti máa ṣe ẹ̀sìn mi dáadáa." Ní ìlànà Màlíkì tí àwa ń tẹ̀lé, ẹni tí ó bá ti pinnu láti dúró ní ìlú kan fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko kì í ṣe arìnrìn-àjò mọ́. Kò gbọdọ̀ gé ìrun kúrú mọ́, Jímọ̀ sì ti di ọ̀ranyàn fún un. Ọjọ́ mẹ́rin! Ìwọ tí o ti lo ọdún mẹ́sàn-án, àjò wo ni o wà?

Nítorí náà, ní Jímọ̀ àkọ́kọ́ tí o bá dé, dúró lẹ́yìn ìrun, kí o kí Lèmọ́mù. Sọ orúkọ rẹ, orúkọ baba rẹ, ìlú rẹ àti agboolé rẹ. Bí ó bá jẹ́ obìnrin ni ọ́, wá ẹgbẹ́ àsàlátù àdúgbò rẹ. Bí iṣẹ́ bá dí ọ lọ́wọ́ Jímọ̀, má ṣe bá ọ̀gá jà, má sì ṣe sá kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ. Tọ̀ ọ́ lọ ṣáájú. Mo mọ ibi tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ti ń gba iṣẹ́ fún ara wọn, tí èyí ń ṣe ti ọjọ́ Àìkú, tí èkejì ń bo ọ̀sán Jímọ̀, ẹ̀rọ kò sì dúró. Má sì ṣe fi gbogbo owó rẹ pamọ́ de ilé tí ìwọ yóò kọ́ sí ìlú rẹ, tí o kò ní fi kọ́bọ̀ kan kún owó epo mọ̀sálásí tí o ń kírun nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin jamáà, ìwé kan péré ni mo ń bẹ̀ yín fún. Ẹ ra ìwé, ẹ fi fún nọ́ọ̀bù tàbí akọ̀wé mọ̀sálásí, kí ó máa kọ orúkọ ẹni tí ó bá dé àti nọ́ńbà ènìyàn rẹ̀ kan nílé. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran; àwa ni kí a ríran fún un. Ẹni tí a kò bá rí ní Jímọ̀ méjì, ẹ jẹ́ kí ọmọdé kan lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Mọ̀sálásí àdúgbò tí mo sọ yẹn ti ra ìwé tirẹ̀. Ìyá oníbúrẹ́dì ni ó san owó rẹ̀, orúkọ ọmọ Ìwó náà ni ó sì ní kí wọ́n kọ sí ojú ewé kìíní.

Kí Ọlọ́run Ọba forí jì í, kí Ó jẹ́ kí àjò gbogbo wa yọrí sí rere, kí Ó má ṣe jẹ́ kí a kú ikú àìlénìyàn. Àmín.