Orin Jáàsì Ìlú New Orleans àti Àwọn Olùkọ́ Tí Ó Gbé E Ró



Bí a bá dárúkọ orin tí a ń pè ní jáàsì, ilé ọtí àti ijó òru ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa. Àwọn mìíràn a sì máa wí pé orin tí a kì í kọ́ ni, pé ẹni tí fèrè bá ti bọ́ sí lọ́wọ́ a máa fọn ún bí ó bá ti wù ú. Èrò méjèèjì yìí kò tọ̀nà. Mo fẹ́ fi àlàyé kúkúrú yìí hàn pé ní ìlú New Orleans, níbi tí orin náà ti ṣẹ̀, iṣẹ́ olùkọ́ ni ó mú un wà láàyè títí di òní. Níwọ̀n bí ó sì ti jẹ́ pé iṣẹ́ olùkọ́ ni àwa náà wá kọ́, ọ̀rọ̀ náà kàn wá.

New Orleans wà ní ìpínlẹ̀ Louisiana, ní gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, létí odò ńlá Mississippi. Àwọn ará Faransé ni ó tẹ̀ ẹ́ dó ní ọdún 1718. Lẹ́yìn náà ó bọ́ sí ọwọ́ àwọn ará Spéìnì, ó sì tún padà sí ọwọ́ Faransé, kí ìjọba Amẹ́ríkà tó rà á pẹ̀lú gbogbo ilẹ̀ Louisiana ní ọdún 1803. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹrú ni a kó wá síbẹ̀ láti Sẹ̀nẹ̀gàl, láti Kóńgò, àti láti ilẹ̀ tiwa pàápàá, nítorí pé a rí orúkọ Nàgó, èyí tí a fi ń pe àwọn Yorùbá, nínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ẹrú náà. Ní ọdún 1817, àwọn aláṣẹ ìlú ṣe òfin pé ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni àwọn ẹrú lè péjọ láti jó, níbi tí olórí ìlú bá yàn fún wọn. Pápá tí wọ́n ń lò ni a wá ń pè ní Congo Square. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń lu ìlù ilẹ̀ baba wọn, tí wọ́n sì ń jó. Ọmọ ń wò, ọmọ sì ń kọ́: èyí ni ilé-ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní ti orin náà, bí kò tilẹ̀ ní ògiri.

Nígbà tí òmìnira dé ní ọdún 1865, oríṣi olórin méjì ni ó wà láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú náà. Àwọn kìn-ín-ní ni àwọn tí a ń pè ní Creole. Àdàlù Faransé àti dúdú ni wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ní òmìnira tipẹ́tipẹ́, wọ́n sì mọ orin kà lórí ìwé. Nínú wọn ni ìdílé Tio ti jáde, ìdílé olùkọ́ fèrè klarínẹ́ẹ̀tì. Lorenzo Tio kékeré, tí ó kú ní ọdún 1933, ni ó kọ́ Barney Bigard àti Omer Simeon. Àwọn kejì ni àwọn ọmọ ẹrú, tí etí nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ orin, tí orin ìjọ Ọlọ́run àti orin iṣẹ́ oko sì wà lẹ́nu wọn. Àwọn Creole kò ka àwọn wọ̀nyí sí tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí òfin ìyàsọ́tọ̀ dé, tí ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà sì fi ọwọ́ sí i ní ọdún 1896, nínú ẹjọ́ Homer Plessy tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ New Orleans, a ka gbogbo wọn sí ọ̀kan náà. Ìwà ìrẹ́nijẹ ni òfin náà í ṣe. Síbẹ̀ ó mú kí ẹni tí ó mọ ìwé orin àti ẹni tí ó mọ̀ ọ́n nípa etí jọ jókòó lórí àga kan náà. Nínú ìpàdé ìmọ̀ méjì yìí ni jáàsì ti dàgbà.

Kì í ṣe ilé ọtí nìkan ni wọ́n ti ń lo orin náà. Àwọn ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́ wà ní ìlú, tí ọmọ ẹgbẹ́ ń dá owó sí, kí a lè sin ín dáadáa bí ó bá kú. Bí wọ́n bá ń gbé òkú lọ sí ibojì, orin ìsìn tí ó lọ́ra ni àwọn onífèrè ń fọn. Bí wọ́n bá ti sin ín tán, wọn a yí ohùn padà, wọn a sì fi orin ayọ̀ bọ̀ wá sílé, tí ará àdúgbò yóò máa jó tẹ̀lé wọn. Ẹni tí ó bá ti rí ìsìnkú arúgbó ní ilẹ̀ wa kò ní í ṣàìmọ ohun tí mo ń wí.

Ọkùnrin tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí aṣáájú gbogbo wọn ni Buddy Bolden, tí a bí ní ọdún 1877. Kọ́nẹ́ẹ̀tì, fèrè idẹ tí ó dàbí kàkàkí kékeré, ni ó ń fọn. Ní ọdún 1907 àrùn ọpọlọ mú un lọ sí ilé ìtọ́jú, ibẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi kú ní ọdún 1931. A kò rí àwo orin kan ṣoṣo tí ohùn fèrè rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ gbọ́ lẹ́nu fèrè rẹ̀, tí àwọn náà sì fi kọ́ ẹlòmíràn, nìkan ni ó kù nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti Louis Armstrong. A bí i ní ọdún 1901, ní àdúgbò òtòṣì tí ìjà àti ìwà ìbàjẹ́ pọ̀ sí. Ní alẹ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1912, ọmọ ọdún 11 yìí yin ìbọn sí ojú ọ̀run ní ìgboro láti fi kí ọdún tuntun káàbọ̀. Ọlọ́pàá mú un, wọ́n sì rán an lọ sí ilé àtúnṣe àwọn ọmọ dúdú. Peter Davis ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ ní orin. Ní ìbẹ̀rẹ̀ olùkọ́ yìí kò fẹ́ràn Louis, nítorí àdúgbò tí ó ti wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ṣàkíyèsí ọmọ náà dáadáa, ọkàn rẹ̀ yí padà. Ó fún un ní ìlù kékeré ọlọ́wọ́ tí ó ní ṣaworo. Nígbà tí ó ṣe, ó fún un ní fèrè tí a fi ń pe àwọn ọmọ sí oúnjẹ àti oorun. Níkẹyìn ó fi kọ́nẹ́ẹ̀tì lé e lọ́wọ́, ó sì fi í ṣe olórí ẹgbẹ́ afunfèrè ilé náà.

Nígbà tí Louis jáde ní ọdún 1914, ó bọ́ sí ọwọ́ olùkọ́ mìíràn, Joe Oliver, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ọba. Louis a máa jíṣẹ́ fún ìyàwó Oliver, Oliver a sì máa kọ́ ọ ní fèrè dípò owó, gẹ́gẹ́ bí ọmọ iṣẹ́ ti ń ṣe lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ níhìn-ín. Bàbá Joe ni Louis ń pè é. Oliver ṣí lọ sí Chicago, ó sì ránṣẹ́ pe ọmọ rẹ̀ ní ọdún 1922. Ní ọdún 1923 wọ́n jọ gba orin sílẹ̀ sínú àwo. Òótọ́ ni pé ẹgbẹ́ òyìnbó kan láti New Orleans ti ṣe àwo jáàsì àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1917; ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́kọ́ tẹ orin sínú àwo kọ́ ni ó dá a sílẹ̀.

Láìpẹ́, Louis ta ọ̀gá rẹ̀ yọ. Òkìkí rẹ̀ kàn ká gbogbo ayé, ó sì wá sí ilẹ̀ wa Nàìjíríà ní ọdún 1960, ó sì fọn fèrè ní Èkó. Oliver ní tirẹ̀ kò rí irú ọrọ̀ bẹ́ẹ̀. Eyín rẹ̀ bàjẹ́ tí kò fi lè fọn fèrè mọ́, ilé eré kan ni ó ń gbá ní ìlú Savannah, níbẹ̀ ni ó sì kú sí nínú òṣì ní ọdún 1938. Ṣùgbọ́n títí Louis fi kú ní ọdún 1971, kò yé wí pé Oliver ni ó sọ òun di ènìyàn.

Ní nǹkan bí ọdún 1970, ó dàbí ẹni pé orin àwọn afunfèrè ìgboro fẹ́ parun ní New Orleans, nítorí pé àwọn àgbà ń kú, àwọn ọ̀dọ́ kò sì tẹ̀lé wọn. Danny Barker, olórin tí ó ti darúgbó, kó àwọn ọmọdékùnrin jọ ní ìjọ Onítẹ̀bọmi kan tí a ń pè ní Fairview, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ wọn. Leroy Jones wà lára àwọn ọmọ wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì di olórin pàtàkì. Nígbà tí ìjì Katrina jà ní oṣù kẹjọ ọdún 2005, tí omi bo ìpín 8 nínú 10 ìlú náà, ọ̀pọ̀ olórin di aláìnílé. A kọ́ abúlé kan fún wọn. Ilé ẹ̀kọ́ orin sì wà ní àárín rẹ̀, tí a fi sọ orí Ellis Marsalis, ẹni tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe olùkọ́ kí ó tó kú ní ọdún 2020.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àwọn àgbà wa a máa wí pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Láìpẹ́ a ó fi ilé-ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀ lọ sí ìlú àti ìletò. Nínú kíláàsì wa ni a ó ti bá ọmọ pàdé tí ìyá rẹ̀ jẹ́ òtòṣì, tí gbogbo ìlú ti pè ní ìpáǹle. Peter Davis pẹ̀lú fẹ́rẹ̀ẹ́ lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, kò sí ẹni tí ìbá mọ ohun tí ayé pàdánù. A ó sì pàdé onílù tí kò mọ ìwé, tí orí rẹ̀ kún fún ìmọ̀ tí kò sí nínú ìwé wa. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a rò pé àwa nìkan ni a ní ohun tí a lè kọ́ni. Bí owó oṣù bá kéré, tí ọmọ tí a kọ́ sì ta wá yọ, ẹ jẹ́ kí a rántí Bàbá Joe, tí ó gbá ilé títí ó fi kú, tí fèrè rẹ̀ sì ń dún lẹ́nu ẹlòmíràn káàkiri ayé.